Àkísà Márùn-ún Lẹ́nu Ihò Omi

Ẹni tó bá dúró lójú títì Aládé tó ń wo ilé wa á rò pé àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ti rí ayé jẹ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, fúláàtì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì sórí òpó géètì. Òjò ń pa kìnnìún, òjò ń pa àwa náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa kò ju pé kìnnìún kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé inú ilé ni òun ń gbé.

Kọ́ńtírátọ̀ tó kọ́ ọ ló tà á fún wa ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó gbá ògiri pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní, "Tíṣà, ilé yìí, ọmọ-ọmọ yín á bá a níbí." Ó mú mi gun òkè lọ wo dẹ́kì. Páànù ló fi bo ìdajì ilé tó kọjú sí títì. Ìdajì tó kù lẹ́yìn, sìmẹ́ǹtì pẹrẹsẹ ló dà lé e lórí, ibẹ̀ sì ni táǹkì omi wà. "Ẹ ó máa jókòó gba atẹ́gùn níbí nírọ̀lẹ́ ni, Mà." Kò sọ fún mi pé omi òjò náà fẹ́ràn kó máa jókòó gba atẹ́gùn, àti pé bó bá ti jókòó, kì í tètè dìde.

Yàrá ẹ̀yìn nínú fúláàtì mi, lókè, ló wà lábẹ́ dẹ́kì yẹn gan-an. Ọdún kejì tí a débẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo gbé garawa kan síbẹ̀. Ó di méjì. Ó di mẹ́ta. Bí òjò bá ti ń rọ̀, inú yàrá náà á máa dún tó, tó, tó, bíi pé àwọn alágbẹ̀dẹ kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọn ò sì rọ nǹkan kan.

N kò ní pariwo púpọ̀ bí kì í bá ṣe ti ìyá mi. Atosin ló ń gbé, pẹ̀lú àbúrò mi ọkùnrin. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ló yọ̀ ọ́ ṣubú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìbàdí rẹ̀ sì ti ń dùn ún láti ìgbà náà. Dókítà ní a kò gbọ́dọ̀ fi ìyá nìkan sílẹ̀ mọ́. Bí dókítà ti sọ èyí tán ni wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí ẹnu iṣẹ́ mìíràn ní ìlú tó jìnnà. Ìparí oṣù kẹwàá ló máa kó lọ. Ọ̀dọ̀ mi nìkan ló kù tí ìyá lè wá. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ló sì yẹ ẹ́, nítorí pé òkè àpáta ló wà lẹ́yìn ilé wa: ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn, gbọọrọ ni á wọlé mi lókè, kò ní gun àtẹ̀gùn kankan.

Mo lọ bá a sọ ọ́. Èdè Ìdànrè ni ìyá mi ń sọ o, èmi ni mo ń tú u sí Yorùbá ìwé fún yín, adùn rẹ̀ sì ti dínkù.

Ó ní, "Yàrá wo? Èyí tó o gbé garawa mẹ́ta sí?"

"A máa tún un ṣe, Ìyá."

"Wo òrùlé mi níhìn-ín. Ó ti ju ọjọ́ orí rẹ lọ, ó ti dípẹtà, ó pọ́n. Ṣé o rí garawa nílẹ̀?"

"N kò rí i."

"N kò ní kúrò nílé tí kò jò lọ sílé tó ń jò torí pé ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ò bá gbẹ, mi ò wá. Kí n kú síhìn-ín, kí ara mi gbẹ."

Mo mọ ìyá mi. Bó bá ti sọ pé òun ò wá, ìwọ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí oṣù kẹwàá parí. Bí àjà yẹn kò bá gbẹ, òun nìkan ni yóò máa dá gbé Atosin pẹ̀lú ìbàdí tí kò gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ẹgbẹ́ onílé wa. Alága wa jẹ́ ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Akọ̀wé wa máa ń kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ sílẹ̀, kì í sì í ka èyíkéyìí nínú rẹ̀. A ní ìwé òfin, ojú ewé mẹ́tàdínlógún. Wọ́n mẹ́nu kan ajá níbẹ̀. Wọ́n mẹ́nu kan aṣọ sísá, àti irú àwọ̀ tí kọ́tìnnì lè ní. Omi nìkan ni wọ́n gbàgbé. Èyí tí wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sá kòkó sí iwájú ilé tàbí ẹ̀yìn ilé, nítorí ibùgbé ìgbàlódé nìyí, kì í ṣe oko.

Ẹ gbọ́ ná, Aládé la wà o. Yàtọ̀ sí Àlàájà tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi, tó ń ta abọ́ àti ike lọ́jà, kò sí ẹnì kan nínú ilé yẹn tí kì í ṣe kòkó ló fi ra fúláàtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti di ará ìgbàlódé, àlejò kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Kí la wá ń ṣe? A ń ru kòkó gun orí dẹ́kì, níbi tí ojú títì kò ti lè rí i. Òórùn rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá àlejò ní géètì, ó ń kí wọn káàbọ̀, àwa sì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ká lè fi hàn pé a kò mọ ibi tó ti ń wá.

Ìgbìmọ̀ wá wo àjà mi. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i lọ́sàn-án gangan.

Alága ní, "Ilé náà ń làágùn ni."

"Ó ń làágùn kẹ̀?" ni mo bi í. "Iṣẹ́ wo ló ṣe?"

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: ilé ń làágùn. Ó wá gbé ojú sókè. "Tíṣà, àbí ẹ̀ ń se oúnjẹ níbí ni? Ooru ọbẹ̀ máa ń gun òkè."

"Ẹ wo garawa mẹ́ta nílẹ̀. Irú ọbẹ̀ wo ni mo ń sè tó ń ti àjà bọ̀?"

Wọ́n pinnu pé kí wọ́n kùn ún. Wọ́n kùn ún ní funfun, ó dán. Ọ̀sẹ̀ kejì, àbàwọ́n padà dé, ó sì mú àwọn ẹbí rẹ̀ dání. Wọ́n tún pinnu pé páànù ló jò. Wọ́n pààrọ̀ páànù iwájú, níbi tí omi kò jò sí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Alága dúró nísàlẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí, ó ń wo páànù tuntun tó ń kọ mọ̀nà, inú rẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ehín ń dùn, tí wọ́n ra bàtà fún ni. Mo pe kọ́ńtírátọ̀ fúnra mi. Ó ní kì í ṣe ilé ló ní àbùkù, òjò ìsinsìnyí ló burú ju ti àtijọ́ lọ. Mo ní kó bá mi kìlọ̀ fún òjò. Ó gé fóònù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Àlàájà ló wá gbà mí nímọ̀ràn, nítorí omi náà ti gba inú ògiri mi dé yàrá tó ń kó ọjà sí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fi àwọn onítọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ wá bíríkìlà." Ó mọ ọ̀kan, ará apá Ìsẹ́yìn, tó ń bá onílẹ̀ kan ṣe oko kòkó tí wọ́n jọ ń pín lẹ́bàá Aládé, tó sì ń mọ búlọ́ọ̀kù bí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alága pàdé rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ìwé ẹ̀rí rẹ dà?"

"Garawa omi márùn-ún ni mo nílò, Bàbá."

"Ìwé ẹ̀rí ni mo bi ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀ ná, sà. Bí omi bá parọ́, màá lọ mú ìwé wá."

Gbogbo ilé bá a gun òkè. Ó da omi sí orí dẹ́kì, ó dojú garawa délẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń jẹ orógbó. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa, omi ló ń wò. Omi náà rò ó wò díẹ̀, ó wá kọ ẹ̀yìn sí ihò tó yẹ kó gbà jáde, ó ń rọra lọ sí ìdí ògiri, sí apá ibi tí yàrá mi wà.

"Ẹ rí i?" ni bíríkìlà wí. "Ẹni tó da sìmẹ́ǹtì yìí, ibi tí kò yẹ ló dà á gẹ̀rẹ́ sí. Ilé Tíṣà ló júwe fún omi." Ó dìde, ó lọ wo ihò náà. Omi díẹ̀ tó débẹ̀ dúró sójú kan, kò wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó fà.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò kákí. A mọ ṣòkòtò náà. Gbogbo Sátidé ni Alága ń wọ̀ ọ́ fọ ọkọ̀, kó tó di pé ó ya.

Alága ní, "Kákí pọ̀ láyé."

Bíríkìlà tún fà. Kọ́tìnnì olódòdó jáde, irú èyí tó ṣì wà lójú fèrèsé Akọ̀wé lọ́wọ́ bí a ti ń wò ó. Akọ̀wé ní ìwé lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n kò kọ èyí sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, tọ́wẹ̀ẹ̀lì ọmọdé àti àpò ìrẹsì, ti fúláàtì méjì yòókù. Àlàájà ń rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi fẹ́ já bọ́. Èmi gan-an ń sọ̀rọ̀ láìdánudúró. Mo ní, ẹ wò ó, ẹ wo àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹ wo ilé tó ń làágùn! Bíríkìlà ní, "Ó kù kan," ó tẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fà á tipátipá. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ló jáde, tí gbogbo rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, tí hóró kòkó jíjẹrà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Mo sún sẹ́yìn.

Àlàájà wò ó, ó wò mí. "Tíṣà, àbí ẹ̀wù tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ léré ìdárayá kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

Kò sí irọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń sá kòkó lórí dẹ́kì gbọ́dọ̀ dí ihò yẹn, torí pé bí a bá ti ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó, hóró rẹ̀ á máa já sínú ihò. Bí òjò bá wá ṣú lójijì, kòkó ni gbogbo ènìyàn ń sáré kó. Ta ló ń rántí àkísà? Ẹni tó bá tún dé lẹ́yìn ìyẹn, á rí ihò tí àkísà àtijọ́ ti wọnú lọ, á tún fi tirẹ̀ lé e. Èmi ni mo kọ́kọ́ dí i, lọ́dún tí ìyá mi fi àpò kòkó méjì ránṣẹ́ láti Atosin pé kí n bá òun sá. Mo ti ń pe àwọn aládùúgbò mi ní òpè láti ọdún kan ó lé, olórí òpè sì ń sùn nínú fúláàtì mi, ó ń gbé garawa kiri.

Bíríkìlà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun máa gbẹ́ ojú dẹ́kì kúrò, òun máa da òmíràn kó dà gẹ̀rẹ́ sí ibi tó yẹ, òun máa fi páìpù tó gbòòrò síbẹ̀, òun á sì fi asẹ́ irin bo ẹnu rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìkankan nínú yín."

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Alága pe ìpàdé pàjáwìrì lọ́jọ́ kejì. Ó dìde, ó tún ọ̀fun ṣe.

"A kò kọ iṣẹ́ náà. Àkókò ni kò bójú mu. Oṣù kẹwàá la wà. Kòkó mi wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ báyìí, bí n kò bá sá a lọ́sẹ̀ yìí, ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ sí oṣù kejìlá. Ìyá Tíṣà lè dúró. Kòkó kò lè dúró."

Àlàájà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Akọ̀wé, ṣé ẹ kọ ìyẹn?"

"Mo kọ ọ́, Mà."

"Ẹ bá wa kà á síta, kó má baà sí àṣìṣe."

Akọ̀wé, ẹni tí kì í ka ohun tó kọ, kà á. "Alága sọ pé ìyá Tíṣà lè dúró, kòkó kò lè dúró." Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Alága ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàájà ní bẹ́ẹ̀ ló rí, kí wọ́n tún un kà. Wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èmi ní tèmi, mo mú fóònù, mo pe Atosin, kí n lè sọ fún ìyá mi pé kí àbúrò mi wá ẹni tí yóò máa sùn tì í di oṣù kejìlá. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi ní, "Gbé fóònù fún alága yín." Mo tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta, kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ìwọ ni Alága?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ kú ìrọ́jú o, Mà." Ó ti dìde dúró. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, ó dìde fún fóònù.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó sọ ọ́.

"Mo mọ bàbá rẹ. Kòkó rẹ̀ kì í dúdú. Níbo ló ń sá a sí?"

"Orí àpáta ni, Mà."

"Àpáta wo?"

Alága wo fèrèsé. Àpáta náà wà níta níbẹ̀, lẹ́yìn ilé gan-an, ó tẹ́jú rẹrẹ, ó ń gbóná láti àárọ̀. "Èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa níbí náà ni, Mà."

"Ṣé ó ti kó lọ ni?"

"Kò kó lọ, Mà."

"Kí ló wá sọ yín di ẹni tó ń gun àjà kiri bí eku?"

"Òfin ẹgbẹ́ ni, Mà."

"Ta ló ṣe òfin?"

"Èmi ni, Mà."

Ìyá mi pa fóònù. N kò tíì rí àtakò tó gún régé tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìpàdé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kòkó ti wà lórí àpáta. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló rí i, kò sì sí ẹni tí ojú tì pa. Akọ̀wé fa ìlà sí òfin náà nínú ìwé. Alága ní kó kọ "fún ìgbà díẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bá a kọ ọ́, ká lè ní àlàáfíà. Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó da sìmẹ́ǹtì rẹ̀ tán, kò lẹ ìkìlọ̀ kankan mọ́ ògiri. Ó so màrìwò kan mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Òfin olójú ewé mẹ́tàdínlógún kò dá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni dúró rí nínú ilé yẹn. Ewé ọ̀pẹ dá gbogbo wa dúró, títí kan Akọ̀wé tó ń darí ìpàdé àdúrà.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ìyá mi dé. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, ó fi ojú wọn kòkó orí àpáta bó ti ń kọjá, ó ní ti Alága kò tíì gbẹ dáadáa. Ó wọ yàrá, ó jókòó sẹ́nu bẹ́ẹ̀dì, ó wo àjà títí.

"Ẹ má tú ẹrù mi," ló wí. "Òjò kò tíì rọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń mú aṣọ níkọ̀ọ̀kan láti inú ẹrù dídì. Àbúrò mi ti kó lọ; Ìyá ní bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan péré, òun á wọ ọkọ̀ padà sí ilé òfìfo yẹn lọ́jọ́ kejì. N kò lè jẹun bó ṣe yẹ. Bí ìkùukùu bá ti ṣú, màá sáré lọ wo àjà.

Ní Túsìdeé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òjò dé, irú èyí tó ń ti orí òkè Ìdànrè bọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Ìyá mi ti sùn. Mo yọ́ wọlé, mo dúró tì í. Àlàájà wọlé. Akọ̀wé wọlé pẹ̀lú ìwé. Alága wọlé, aṣọ rẹ̀ rin, torí pé ó kọ́kọ́ sáré kó kòkó. Fúláàtì méjì yòókù náà dé. A yí bẹ́ẹ̀dì ká, a gbé ojú sókè, kò sẹ́ni tó mí. Lókè, a ń gbọ́ omi tó ń ya lọ gbuurugbu nínú páìpù tuntun. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Àjà kò yí àwọ̀ padà. Alága rọra ní, "Mo sọ fún yín pé ọ̀dà yẹn dára." Àlàájà fi ìgúnpá gún un níhà.

Ìyá mi la ojú. Ó rí ènìyàn mẹ́fà tó dúró yí i ká, tí wọ́n ń wo òkè.

"Ṣé mo ti kú ni?"

"Rárá o, Mà!" ni Alága dáhùn. "Àjà là ń wò."

"Kí ló ṣe àjà?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Mà."

"Ẹ wá ń wò ó fún kí ni?"

Ìyá mi wo òkè fúnra rẹ̀, ó tẹ́tí sí òjò díẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí tó ń dùn ún sí òkè. Ó ní kí n lé àwọn ènìyàn yìí jáde kí òun parí oorun òun, bí mo bá sì ti lé wọn tán, kí n tú ẹrù òun, kí aṣọ òun má baà rún.